Òkè tí iyanrìn kọ́: àlàyé nípa àwọn ìpele òkúta Antákítíkà

Ẹni tó bá wo àwòrán àwọn Òkè Transantarctic, tí wọ́n la ilẹ̀ Antákítíkà já ní gígùn tó tó nǹkan bí 3,500 kìlómítà, yóò rí ohun méjì tí yóò rú u lójú. Àwọn òkúta ara òkè náà tò léra wọn ní pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n kó jọ sí igun ilé, wọn kò ká kò, wọn kò sì dorí kodò, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú òkè ọ̀hún ga ju 4,000 mítà lọ. Ohun kejì ni pé iyanrìn ni ọ̀pọ̀ nínú òkúta náà, pàápàá iyanrìn odò, tí èédú ilẹ̀ sì tẹ́ sáàárín rẹ̀, ní ibi tí igi kankan kò lè hù lónìí. Ibi tí àlàyé sábà máa ń dàrú nìyí, nítorí pé a máa ń fi ìtàn mẹ́ta ṣe ọ̀kan: bí òkúta náà ṣe di òkúta, bí òkè náà ṣe di òkè, àti bí yìnyín ṣe wá bò ó. Láàárín ìtàn àkọ́kọ́ àti ìkejì nìkan, ó ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iyanrìn ṣe ń di òkúta. Omi, afẹ́fẹ́ àti yìnyín a máa jẹ òkè díẹ̀díẹ̀, odò a sì gbé ohun tó rún lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀, níbi tí èyí tó dé lónìí yóò ti sùn lé èyí tó dé lánàá. Nígbà tí ẹrù òkè bá pọ̀, yóò fún ti ìsàlẹ̀ pọ̀, omi tó ń jò láàárín wọn yóò sì fi ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ lẹ ẹyọ kan mọ́ èkejì bíi sìmẹ́ńtì. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ojú máa ń fò: ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rì kí iyanrìn tó lè dúró. Bí kò bá rì, odò yóò kó iyanrìn kọjá lọ ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí onímọ̀ nípa ilẹ̀ bá rí ìpele iyanrìn tí àpapọ̀ nínípọn rẹ̀ ju 2 kìlómítà lọ, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé kí ló mú ilẹ̀ ibẹ̀ rì tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń rì fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìrìn èèpo ayé ló ni ìdáhùn. Èèpo ayé kò ṣe odidi. Ó pín sí awẹ́ bí obì, awẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa rìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, bí èékánná ṣe ń gùn. Níbi tí awẹ́ méjì bá ti pàdé, tí èyí tó wà lábẹ́ òkun sì ń rì sábẹ́ èkejì, àwọn òkè ayọnáyèéfín a tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ sí etí ilẹ̀, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn a sì tẹ̀ wọlé nítorí ẹrù tó wà létí rẹ̀, bí pákó tí ènìyàn jókòó sí ìkángun rẹ̀. Níbi tí awẹ́ bá ti ń fà ya, ilẹ̀ a fẹ́lẹ́, àárín rẹ̀ a jìn wọlé, etí rẹ̀ a sì gbé sókè. Ibòmíràn sì wà tí kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, tí ilẹ̀ àtijọ́ kàn tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì ń rì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ipò tí ilẹ̀ kan wà nígbà tí òkúta rẹ̀ ń dì, irú ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ. Ohun tó mú Antákítíkà ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà nípa rẹ̀ ni pé ibi kan náà ti wà nínú gbogbo ipò wọ̀nyí rí, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́rìí sí tirẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ òkúta iyanrìn náà ni gíránáàtì wà, pẹ̀lú àwọn òkúta mìíràn tí ooru àti ìfúnpá ti yí padà, irú èyí tí ojú wa mọ̀ ní Òkè Olúmọ àti ní Ìdànrè. Ìjọra yìí ju ti ojú lásán lọ. Ní nǹkan bí 600 sí 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńlá ìhà gúúsù ayé ń so mọ́ra wọn di ilẹ̀ kan ṣoṣo tí a ń pè ní Gondwana, gíránáàtì yíyọ́ gba inú èèpo ayé wọlé ní ọ̀pọ̀ ibi, tó fi mọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ti Antákítíkà wáyé nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ òkun Pàsífíìkì àtijọ́ ń rì sábẹ́ etí Gondwana. Òkè ńlá yọ níbẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, òjò àti odò sì jẹ òkè ọ̀hún títí ó fi tẹ́ bí àgbàlá. Ojú ilẹ̀ tó tẹ́ yẹn ṣì hàn gedegbe ní Kukri Hills, nítòsí Òkun Ross: gíránáàtì nísàlẹ̀, òkúta iyanrìn lókè, ìlà kan ṣoṣo láàárín. Ẹni tó bá fi ìka lé ìlà náà ti fi ìka kan bo ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún tí kò fi òkúta kankan sílẹ̀ níbẹ̀. Ní àgbègbè Abẹ́òkúta pẹ̀lú, òkúta iyanrìn jókòó lé gíránáàtì báyìí, ṣùgbọ́n iyanrìn tiwa kéré lọ́jọ́ orí púpọ̀. Ìgbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń pínyà ló dé.

Lórí ìlà yẹn ni àwọn ìpele tí à ń pè ní Beacon ti bẹ̀rẹ̀. Hartley Ferrar, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó bá Robert Falcon Scott, aṣàwárí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí ìrìn-àjò àkọ́kọ́ rẹ̀ sí Antákítíkà láàárín 1901 àti 1904, ló sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ jù jẹ́ ti sáà Devonian, tó parí ní nǹkan bí 360 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí a bá mú òkúta rẹ̀ kan lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti àgbàdo gbígbẹ, ojú rẹ̀ a sì ha ọwọ́ bíi sáńpépà. Bí a bá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, a ó rí i pé àwọn ẹyọ rẹ̀ ṣe roboto, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, quartz sì ni gbogbo wọn tán. Quartz ni ohun tó ń dán bíi gíláàsì nínú gíránáàtì. Omi kò rí i ṣe. Feldspar, ẹnìkejì rẹ̀ tó máa ń funfun tàbí kó pọ́n, a máa jẹrà di amọ̀ bó bá pẹ́ nínú òjò àti oòrùn. Nítorí náà, iyanrìn tí kò ní ju quartz lọ ti pẹ́ lọ́nà. Ó ti kọjá lọ́wọ́ odò àti afẹ́fẹ́, bóyá lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó sinmi. Kò sí òkè ayọnáyèéfín tó ń yọ iná nítòsí rẹ̀, kò sì sí òkè tuntun tó ń wó sílẹ̀. Ilẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́ ló ń fúnni ní irú iyanrìn bẹ́ẹ̀.

N kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé gbogbo ọ̀rọ̀ nípa sáà náà ti yanjú. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bóyá òkun tí kò jìn ni apá kan nínú iyanrìn Devonian náà sùn sí, tàbí odò àti ilẹ̀ gbígbẹ. Ihò tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké gbẹ́ sínú iyanrìn náà wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ kan a ní ẹ̀dá òkun ló gbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ kejì a ní ẹ̀dá odò náà lè gbẹ́ irú rẹ̀. Ìpele òkè sáà náà kò fa àríyànjiyàn tó bẹ́ẹ̀: òkúta ẹlẹ́rẹ̀ tó pọ́n, tó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, níbi tí egungun ẹja inú omi dídùn wà pẹ̀lú àmì ilẹ̀ tí ewéko ti ta gbòǹgbò sí rí.

Lẹ́yìn èyí, yìnyín dé. Yìnyín àkọ́kọ́ ni mo ń sọ, nítorí pé Antákítíkà ti rí yìnyín ńlá lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, èyí tó wà níbẹ̀ lónìí sì ni àbúrò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà Permian, ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, yìnyín bo apá púpọ̀ nínú Gondwana, ó sì fi àmì rẹ̀ sílẹ̀: òkúta ńlá, òkúta kékeré àti ẹrẹ̀, gbogbo wọn dà pọ̀ láìsí ìtòlẹ́sẹẹsẹ, àwọn òkúta kan nínú wọn sì ní ojú ìlà tó tọ́ tààrà bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó fà á. Omi a máa ṣa òkúta ńlá yà sọ́tọ̀ kúrò lára iyanrìn, ṣùgbọ́n yìnyín kì í yan nǹkan, ohun tó bá rí ló ń kó. Irú òkúta yìí kan náà wà ní Gúúsù Áfíríkà, ní Íńdíà, ní Ọsirélíà àti ní Brasil.

Nígbà tí yìnyín náà yọ́, igbó hù. Frank Wild, tó bá Ernest Shackleton rìn, rí èédú ilẹ̀ ní òkè odò yìnyín Beardmore ní 1908. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1912, Scott àti àwọn mẹ́rin tó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń padà bọ̀ láti Ìpẹ̀kun Gúúsù ayé, ebi ń pa wọ́n, òtútù ti jẹ wọ́n níka, síbẹ̀ wọ́n dúró lẹ́bàá Mount Buckley láti ṣa òkúta. Edward Wilson, tó jẹ́ dókítà wọn, ló rí àmì ewé lára èédú ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí òkú Scott àti ti ẹni méjì tó kù pẹ̀lú rẹ̀ nínú àgọ́ wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, òkúta tó wúwo tó nǹkan bí 16 kìlógíráàmù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn kò dà á nù. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tí kò lè ru ara wọn mọ́ ru òkúta dé ibi tí wọ́n kú sí. Nínú rẹ̀ ni ewé Glossopteris wà, ewé tó rí bí ahọ́n, tí egungun kan là láàárín, tí iṣan kéékèèké sì so mọ́ra wọn bí àwọ̀n ẹja. Irú ewé yìí gan-an ni wọ́n ti rí ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà. Hóró rẹ̀ tóbi jù kí afẹ́fẹ́ gbé e la òkun ńlá kọjá, nítorí náà ewé Scott di ọ̀kan lára ẹ̀rí pé àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn ti so pọ̀ rí.

Níbí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé, bí igbó bá ti wà ní Antákítíkà, ilẹ̀ náà ti ní láti wà lágbègbè ilẹ̀ olóoru nígbà náà, kí ó tó rìn lọ síbi tó wà yìí. Òkúta sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí òkúta bá ń dì, àwọn èròjà irin inú rẹ̀ a máa tẹ̀ lé mágnẹ́ẹ̀tì ayé, ìdàgẹ̀rẹ̀ wọn a sì fi bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìpẹ̀kun ayé tó hàn. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé Antákítíkà ti wà nítòsí Ìpẹ̀kun Gúúsù nígbà tí igbó Glossopteris ń hù. Ojú ọjọ́ ayé ló gbóná ju ti òde òní lọ. Ní Mount Achernar, ní agbègbè Beardmore, kùkùté àwọn igi náà ṣì wà lóòró níbi tí wọ́n ti hù, òrùka ọdún inú wọn sì fẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n ń dàgbà kíákíá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn kì í wọ̀, wọ́n sì ń dúró jẹ́ẹ́ ní gbogbo oṣù tí òkùnkùn fi ń ṣú. Kò sí irú igbó bẹ́ẹ̀ láyé mọ́, nítorí náà a kò rí ohun tí a lè fi wé e tààrà.

Inú iyanrìn sáà Permian yìí kan náà ni ipò ilẹ̀ ti yí padà, ìyípadà náà sì hàn nínú ẹyọ iyanrìn kí ó tó hàn níbikíbi. Bí a ṣe ń gòkè láti ìpele kan sí èkejì ní àgbègbè Beardmore, quartz ń dín kù, feldspar àti èérún òkúta ayọnáyèéfín sì ń pọ̀ sí i. Àwọn èérún yìí kì í pẹ́ kí wọ́n tó jẹrà, nítorí náà òkè tó bí wọn kò lè jìnnà, kò sì lè ti pẹ́ tó ti kú. Ó wà níhà Òkun Pàsífíìkì, níbi tí awẹ́ abẹ́ òkun tún ti ń rì sábẹ́ etí Gondwana, tí àwọn òkè ayọnáyèéfín sì tò létí rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn wọn tẹ̀ wọlé, odò sì ń kó ẹrù wá sínú rẹ̀ láti ìhà òkè wọ̀nyẹn. Ẹ̀rí mìíràn tún wà nínú zircon, ẹyọ kékeré kan tó le gan-an, tí uranium inú rẹ̀ ń yí di òjé díẹ̀díẹ̀ bí aago tí kò dúró. Bí a bá ka ọjọ́ orí ọgọ́rùn-ún zircon láti inú ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan, a ó mọ irú òkè tó ti wá. Bí àwọn zircon tí ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti iyanrìn náà bá pọ̀, òkè ayọnáyèéfín ń ṣiṣẹ́ nítòsí nígbà tó ń rọ̀ jọ. Bí gbogbo wọn bá dàgbà jù ú lọ fíìfíì, ilẹ̀ àtijọ́ ló ń jẹ run.

Ní nǹkan bí 252 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìparun ńlá tó kárí ayé pa Glossopteris run, àwọn ewéko mìíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní sáà Triassic. Peter Barrett rí egungun àgbọ̀n ẹranko kan tó ń gbé inú omi àti orí ilẹ̀ ní Graphite Peak ní 1967. Ní 1969, ẹgbẹ́ tí Edwin Colbert wà nínú rẹ̀ rí egungun Lystrosaurus ní Coalsack Bluff. Ẹranko yìí kò ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ, ìwo eyín méjì yọ lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́ kọjá òkun. Bẹ́ẹ̀ ó wà nínú òkúta Gúúsù Áfíríkà àti ti Íńdíà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni dáínọ́sọ̀ dé. Láàárín 1990 àti 1991, William Hammer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ egungun ọ̀kan tó ní ogbe lórí jáde ní Mount Kirkpatrick, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cryolophosaurus.

Ìpele egungun yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkẹyìn. Ní nǹkan bí 183 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Gondwana bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Òkúta yíyọ́ ru sókè láti abẹ́ ilẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ tú jáde sórí ilẹ̀, apá púpọ̀ sì wọ àárín àwọn ìpele iyanrìn, ó fi ipá gbé wọn sókè, ó sì dì síbẹ̀. A ń pè é ní dolerite ti Ferrar, ní ìrántí ẹni tó sọ Beacon lórúkọ. Ní àwọn Àfonífojì Gbígbẹ lẹ́bàá McMurdo, létí Òkun Ross, ó hàn lára ẹ̀gbẹ́ òkè bí ọ̀já dúdú lára aṣọ òfì, àwọn kan nínú wọn nípọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ̀já dúdú tó wà láàárín dé lẹ́yìn iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó tó di pé ti òkè dé. Irọ́ ni; òun ló dé gbẹ̀yìn nínú gbogbo wọn. Ibi tí ooru rẹ̀ ti yan iyanrìn tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ló tú àṣírí náà.

Títí di àkókò yìí, Òkè Transantarctic fúnra rẹ̀ kò tíì sí. Gbogbo ìpele náà ṣì wà nílẹ̀ gbalasa. Òkè tí à ń rí lónìí jẹ́ iṣẹ́ ìfàya mìíràn, èyí tó fẹ́ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Antákítíkà, tó sì la ibi tí Òkun Ross wà lónìí. Etí rẹ̀ tó wà níhà ìlà-oòrùn Antákítíkà, níbi tí èèpo ayé nípọn, gbé sókè, pàápàá láti nǹkan bí 55 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kò sí awẹ́ kan tó kọlu èkejì, ìdí nìyẹn tí àwọn ìpele náà kò fi ká kò bíi ti Himalaya; wọ́n gbé sókè ní odidi, wọ́n sì dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà inú ilẹ̀. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù wà lábẹ́ òkun. Láàárín 1997 àti 1999, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀ òkun ní Cape Roberts, ní etí òkun lẹ́sẹ̀ òkè náà gan-an. Nínú ihò kẹta, nígbà tí wọ́n lọ tó nǹkan bí 820 mítà lábẹ́ ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n kan òkúta iyanrìn Beacon. Òkúta kan náà tí ènìyàn ń wòkè kí ó tó rí lórí òkè tó wà lápá òsì rẹ̀ ló wà lábẹ́ òkun lápá ọ̀tún rẹ̀: ojú ibi tí ilẹ̀ ti là ló gba àárín méjèèjì.

Ìgbà tí òkè náà ti dúró tán ni yìnyín tòní dé, ní nǹkan bí 34 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó bo ilẹ̀ náà débi pé òkúta tó ṣí sílẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 100. Síbẹ̀ kò dá iṣẹ́ dúró. Àwọn odò yìnyín tó ń gba àárín òkè náà sọ̀ kalẹ̀ ń ha iyanrìn Devonian kúrò lára òkúta, wọ́n sì ń kó o lọ sínú Òkun Ross. Àwọn ẹyọ roboto náà wà nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde ní Cape Roberts, wọ́n dà pọ̀ mọ́ èérún dolerite dúdú, wọ́n sùn sínú kòtò tí ìfàya ilẹ̀ gbẹ́, omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n mọ́ra wọn.